Ilé-Kéú Inú Fóònù Bàbá Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èrò àwọn ará Ìlọrin nípa ẹ̀kọ́ orí ayélujára, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Táíwò Road, bí èèyàn bá ti ń ti Post Office bọ̀. Ẹ mú sùúrù wá, torí àga mi kò pọ̀, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Mò ń bá èèyàn tẹ ìwé, mò ń bá wọn fi orúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, àwọn tí kò sì ní dátà nílé a máa wá jókòó sí igun kan, wọn a fi nǹkan há etí, wọn a máa gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu olùkọ́ tó ṣeé ṣe kí wọ́n má fojú kàn láéláé.

Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á wo àwọn ọmọ náà títí, á mi orí. "Ẹ ń kàwé bí ẹni ń wo fíìmù. Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń wá ìmọ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ náà ló ń dùn yín báyìí o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ọjọ́ kejì ó tún padà wá wí i bí ẹni pé n kò gbọ́ tàná.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà àti ọkà bàbà ní ọjà Ipata mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá kí n bá a fi orúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì orí ayélujára. A ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ọmọ ti dìde, ìyá kò dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ó wá ku ta ni màá kí?" Kò kọ́kọ́ yé mi. Ó ní ṣé wọ́n ń mú ọmọ lọ sílé ìwé kí òbí má kí olùkọ́ ni, kó má sọ fún un pé ẹ bá mi tọ́ ọ, bó bá sì ṣe àìgbọràn ẹ bá mi bá a wí? Adìyẹ kan wà nínú àpò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó gbé wá fún ọ̀gá ilé ìwé. Mo ṣàlàyé títí, kò gbà. Nígbà tó yá, mo gba adìyẹ náà lórúkọ yunifásítì, mo sì ṣe ìlérí lórúkọ wọn pé a ó tọ́ ọmọ náà dáadáa. Adìyẹ ọ̀hún dùn lọ́bẹ̀.

Aládùúgbò mi tó ń ta bàtà, ará Èkìtì ni, ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ yìí lòun wà ní tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe oyè kejì lórí fóònù láìkúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìyá ọmọ sì ti jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì débi pé àwọn akọrin ti mọ ọ́n sórí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń bá mi jiyàn, òun ni yóò kígbe láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀: "Bí wọ́n ń gún iyán nínú odó, bí wọ́n ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó!" Èmi náà a kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń jà fún ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ilé bàbá mi nìkan ni ẹnu mi kò ti ràn.

Àáfà ni bàbá mi. Ilé-kéú rẹ̀ kò ju àgbàlá wa lọ: ẹní, igi máńgòrò kan, àti ògiri tó ti ń dán níbi tí ó máa ń fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni àwọn ọmọ máa ń dé, àwọn kan pẹ̀lú wàláà, àwọn kan pẹ̀lú Kùránì. Ẹni tí kò bá dàgbà sí ilé-kéú lè rò pé ìjà ló ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ké sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí eléyìí ń kà sì kọ́ ni tọ̀hún ń kà. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ alifu, ọ̀kan ti wọ inú Yáásín, ọ̀kan sì ń sunkún nítorí pé wọ́n jókòó lé bàtà rẹ̀. Bàbá mi á di ojú, á máa fa tẹ̀sùbáà. Ẹ ó rò pé ó ti sùn. Lójijì, ẹ ó gbọ́: "Ìwọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, fà á! Má gé e!" Ojú rẹ̀ kò ní là síbẹ̀.

Òfin kan ló ní lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ bàbá tirẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Ó ní, "Ohùn tí n kò bá lè ṣà láàrin ohùn, olóhùn náà kì í ṣe ọmọ kéú mi." Ọmọ tó bá ka Kùránì parí, a máa ń ṣe wolímà fún un. Ọjọ́ náà, bàbá mi fúnra rẹ̀ á wé láwàní fún ọkùnrin, á sì fi ìborùn funfun bo obìnrin lórí, ọmọ á wá kà níwájú gbogbo èèyàn. Àmọ́ kì í ṣe é fún ẹnikẹ́ni àfi ọmọ tí ó ti ṣa ohùn rẹ̀ jáde nínú ariwo àgbàlá yẹn. Àwa ọmọ rẹ̀ pàápàá kò rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà.

Àbúrò mi ọkùnrin ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Kánádà ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ tó jẹ́ pé orí ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n lọ. Ó pe bàbá wa lórí fóònù, èmi ni mo gbé e sí i létí. Ó ní ọmọ ti ń dàgbà, òun kò sì fẹ́ kó dàgbà láìka Kùránì, nítorí náà òun ti rí àáfà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórí ayélujára.

Bàbá ní, "Ará ibo ni?"

Àbúrò mi dárúkọ ilẹ̀ kan tó jìnnà.

"Ṣé ó mọ orúkọ bàbá rẹ?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹ̀hẹ́n," ni bàbá mi wí, ó sì dá fóònù padà fún mi. Kò jẹ tùwó rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Ìyá mi gbé àwo náà wò, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo se Kánádà mọ́ ọn.

Mo ní kí ló dé tí Bàbá fúnra rẹ̀ kò kọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní ẹni tí kò ní àáfà, èṣù ni àáfà rẹ̀, àáfà inú gíláàsì kì í sì í ṣe àáfà. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ó wí. "Báwo ni n ó ṣe kọ́ ọmọ tí kò jókòó síwájú mi?"

Inú bí mi. Inú kì í pẹ́ bí mi, wọ́n ti ń wí i láti kékeré mi. Mo ní, "Bàbá, ojú tí ẹ ń wí yìí, bí ọmọ bá ń kà níwájú yín, ṣé ẹ máa ń lajú ni? Dídì lẹ máa ń dì í!"

Ìyá mi sáré wọ ilé ìdáná kí Bàbá má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wò mí. Ó ká ẹní rẹ̀, ó wọlé. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Gbé fóònù náà wá. Ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé la bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì tiwa, tí ó jẹ́ òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ bá mi wo bàbá mi. Ó wọ agbádá, ó wé láwàní, ó sì fi túràrè sára. Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ṣé òórùn túràrè náà á dé Kánádà?" Ó ní bí ohùn bá lè dé, kí ló dá òórùn dúró. Kò jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀ lásán. Ó tẹ́ ẹní ìkírun fún un, ó ní ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

Àbúrò mi ti kó ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ ọmọ tirẹ̀. Ojú wọn kún inú fóònù, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́. Bàbá mi sálámà sí wọn. A rí i pé wọ́n la ẹnu, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún sálámà. Ẹnu ń mì, ohùn kò sí. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti le.

"Ta ló pa àwọn ọmọ mi lẹ́nu mọ́?"

Mo ṣàlàyé pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, pé àbúrò mi ló pa ohùn gbogbo wọn kí ariwo má baà wà, ẹni tí olùkọ́ bá pè nìkan ló ń la ohùn rẹ̀. Ó ní, "Kí gbogbo èèyàn dákẹ́ kí ẹnì kan lè sọ̀rọ̀? Ṣé kóòtù ni? Ẹ la ohùn wọn, kí wọ́n kà!" A là á. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí kà papọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti pàṣẹ. Bàbá mi fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀, ó di ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo nǹkan yìí rí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóònù kò mọ bí a ti ń gbọ́ ohùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn kan ló ń mú, tí yóò sọ nù, tí yóò tún mú òmíràn ní ààbọ̀, gbogbo Kùránì ń jáde ní gígé bí ilá. Mo rí i tí iwájú orí bàbá mi ń sún kì. Mo rí i tó tẹ etí sílẹ̀ ju bí mo ti rí i rí lọ. Nígbà tó lajú, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, ó ní, "N kò rí wọn." Bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn wà níwájú rẹ̀ lórí ẹní. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa kà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà, ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ó mọ́ ọn lára. Bí ọmọ kan bá ṣe dáadáa, á ní, "Súnmọ́ mi," ọmọ á sì gbé ojú mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ pé imú nìkan la ó máa rí, bàbá mi á fẹ́ àdúà sí gíláàsì náà tù, tù, tù, mo wá di ẹni tó ń nu fóònù lẹ́yìn àdúà. Ọmọ àbúrò mi ló máa ń kẹ́yìn, torí òun ló mọ̀ ọ́n kà jù, bàbá mi kì í sì í kánjú bó bá kan òun. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ó ní ibi kan tó máa ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, bàbá mi á ní, "Rọra, kò sẹ́ni tó ń lé ọ," ọmọ náà á sì rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn dé mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan ń bi í bóyá àlùbáríkà ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Àwọn ìyá kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé ṣé Àáfà á gba ọmọ àwọn tó wà ní Àbújá. Ládàánì tó ń pèrun fún wa, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré, òun ló burú jù. Ó ní, "Àáfà oní-fóònù! Lọ́jọ́ wolímà, ṣé inú fóònù la ó ti jẹ ìrẹsì náà ni?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé ojú rẹ̀.

Ọmọ náà ka Kùránì dé òpin. Àbúrò mi ní òun ń mú un bọ̀ nílé lásìkò ìsinmi, kó lè ṣe wolímà pẹ̀lú àwọn ọmọ kéú yòókù. Bàbá mi gbé fóònù mọ́ etí. Ó ní, "Máa mú un bọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ìborùn sí i lórí."

Àbúrò mi ní kí ló dé.

"Mo ràn ọ́ lọ́wọ́ ni. N kò tíì ṣa ohùn rẹ̀ láàrin ohùn rí. Bí mo bá bo orí rẹ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ bàbá mi nínú sàréè."

Mo bá a jà. Ìyá mi bá a jà, ìyẹn kò sì wọ́pọ̀. Kò yẹ̀. Ọmọ náà gbọ́, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ní Yorùbá rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ kọ. Ó ní, "Àǹtí, mo ti sọ fún àwọn friend mi pé Bàbá Àáfà máa fi white cloth sí mi lórí. Ṣé wọn ò fẹ́ràn mi ni?" Mo gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù, níwájú àwọn oníbàárà, mo sì yíjú sí ògiri. Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo Táíwò Road pé ẹ̀kọ́ orí fóònù kò yàtọ̀ sí ti ojúkojú, n kò mọ ohun tí n ó sọ fún ọmọ kan ṣoṣo.

Wọ́n dé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ojú ń ti àwọn méjèèjì. Wọ́n ti ń ríra lórí fóònù tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó yára gbé e kúrò. Ó ní, "Lọ́la, lẹ́yìn Alásárì, jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ."

Ọjọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú rárá. Ládàánì ti jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, ó wá wòran. Ọmọ náà gbé Kùránì rẹ̀, ó lọ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, lẹ́yìn àwọn yòókù. Bàbá mi di ojú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀fun àwọn ọmọ Ìlọrin tó ti dàgbà sínú ariwo, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Àgbàlá náà gbóná fún ohùn. Mo ń wo ètè ọmọ àbúrò mi. Ó ń mì, mo sì ń bá a mì tèmi. Ohùn tirẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ mi rárá, bẹ́ẹ̀ n kò jìnnà. Ó fi ọwọ́ kan di etí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi: gbogbo bó ti ń kà láti ọjọ́ yìí, ńṣe ni wọ́n ń pa ẹnu gbogbo ayé dé fún un. Kò tíì kà níbi tí ẹlòmíràn ti ń kà rí. Ó sọ ibi tó wà nù. Ó ń fi ìka wá a lórí ìwé, omi ti dé ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ sì dúró. Mo fẹ́ dìde lọ bá a. Ìyá mi di ìró mi mú.

Bàbá mi ń fa tẹ̀sùbáà. Àwọn ọmọ ń ké. Tẹ̀sùbáà dúró.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí gbogbo wọn fi dákẹ́. Kò lajú.

Ó ní, "Ohùn kan ti dákẹ́ nínú yín."

Àwọn ọmọ ń wo ara wọn.

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà. Ó kù díẹ̀ kó dé ibi tó ti máa ń sáré. Ta ló pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́?"

Ọmọ náà ní, "Èmi ni, Bàbá Àáfà. Mo sọ ọ́ nù."

Bàbá mi bá a mú ẹsẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ti máa ń ṣe lórí ẹní níwájú fóònù. Ọmọ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó ti máa ń sáré, ó tún sáré, bàbá mi sì ní, "Rọra, kò sẹ́ni tó ń lé ọ." Ó ju ọwọ́ sí àwọn yòókù pé kí wọ́n máa bá tiwọn lọ, ariwo sì tún bo gbogbo wa, ṣùgbọ́n ètè ọmọ náà kò dúró mọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, Ládàánì dìde, ó ní òun fẹ́ lọ pèrun, bẹ́ẹ̀ Màgàríbì kò tíì tó. Ọmọ náà wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èmi ni mo dákẹ́?"

Bàbá mi wò ó, ojú rẹ̀ là kedere. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí, inú ariwo ni mo ti ń gbọ́ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Nínú gbogbo àgbàlá yìí, ìwọ nìkan ni mo gbọ́ nígbà tí gbogbo èèyàn dákẹ́. Báwo ni wàá ṣe dákẹ́ tí n kò ní mọ̀?"

Mo sunkún níbẹ̀, n kò tijú ẹnikẹ́ni. Bàbá mi yíjú sí mi bí ẹni pé ẹ̀kún kọ́ ló bá lójú mi. Ó ní kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kí n kọ́kọ́ dé Ipata, kí n ra ìborùn funfun kan kún èyí tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá fóònù mi ní iná, torí ọ̀la ni Sátidé, àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù sí Kánádà yóò sì ti máa retí rẹ̀.